Ẹrù tí Ojú àti Etí Ń Gbé Bọ̀ láti Ìdálẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú ńlá, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ tí àlejò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú. Bí ó ti ń wo ọ̀tún ni ó ń wo òsì. Ilé gíga ń dẹ́rù bà á, ariwo ọkọ̀ ń dí i létí, gbogbo nǹkan sì jọ ara wọn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, tí oṣù ń gorí oṣù, tí ọdún ń gorí ọdún, ojú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í là. Nígbà náà ni ó lè rí ohun tí onílé fúnra rẹ̀ kò rí mọ́, nítorí pé ohun tí ènìyàn ń rí lójoojúmọ́ kì í yà á lẹ́nu. Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí ilé tí òun fúnra rẹ̀ ti kúrò, bí ẹni tí ó dúró lókèèrè tí ó bojú wẹ̀yìn, tí ó wá rí i bí òrùlé ilé bàbá rẹ̀ ti ga tó.

Ẹrù méjì ni ẹni tí ó ti ìdálẹ̀ bọ̀ máa ń gbé. Èkíní ni àpótí tí aṣọ, bàtà àti ẹ̀bùn àwọn ará ilé wà nínú rẹ̀. Èyí ni àwọn aṣọ́bodè ń tú wò ní èbúté. Èkejì ni ohun tí ojú ti rí, tí etí ti gbọ́, tí ọkàn sì ti rò títí tí ó fi di ọgbọ́n. Aṣọ́bodè kò lè tú èyí wò, kò sì lè gba owó lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó lè tún ìlú ṣe.

Ọ̀pọ̀ ni ó ń lọ sí ìdálẹ̀ tí wọn kò rí ẹrù kejì yìí gbé bọ̀. Àwọn kan wà tí kò sí ohun tí ó dára lójú wọn àfi ti ilé. Orin àwọn ará ibẹ̀ kò dùn, ilé wọn kò tura, sinimá wọn kò ní láárí. Irú wọn a gbé ọdún mẹ́wàá láàárín àwọn ẹlòmíràn bí ẹni tí ó di ojú. Òun ni ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, tí ó ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun; ó kàn jẹ́ pé òun ti dé oko náà, ṣùgbọ́n kò wò ó. Àwọn mìíràn sì wà tí ohun gbogbo tí wọ́n rí ń pa bí ọtí. Kí ọdún kan tó pé, ìlù ilé wọn ti di ariwo létí wọn, ọnà ilé wọn ti di ohun ìtìjú. Wọn kò rántí pé ẹni tí ó bá sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́.

Láàárín àwọn méjèèjì yìí ni ẹnì kẹta wà, tí òṣùwọ̀n kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ohun ńláńlá nìkan ni ó ń wọ̀n. Orin tí ó ń jáde láti inú rédíò aládùúgbò, àga tí ó jókòó lé ní ilé oúnjẹ, ojú fèrèsé tí oòrùn gbà wọlé ní àárọ̀, sinimá tí ó lọ wò ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, gbogbo wọn ni ìwé tí ó ń kà. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó ń bi ara rẹ̀. Iṣẹ́ wo ni nǹkan yìí ń ṣe fún àwọn tí wọ́n ni ín? Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà ṣe é? Kí ni ó wà ní ilé tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà? Bí ènìyàn bá ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè wọ̀nyí lójoojúmọ́, kò lè ṣàì rí nǹkan gbé bọ̀. Ìtàn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti gbé ìdálẹ̀ fi èyí hàn gbangba, ní ti ilé kíkọ́, ní ti orin, àti ní ti sinimá.

Àpẹẹrẹ kìn-ín-ní kò ti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n fi ìfẹ́ inú wọn rìnrìn-àjò wá. Nígbà tí ogun gbalẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl àti Kúbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dé Bràsíl ni ó bá ara wọn ní Bàhíà. Níbẹ̀ ni a ti sọ àwọn kan di mọlémọlé, tí a sọ àwọn mìíràn di gbẹ́nàgbẹ́nà. Ẹni tí ó ń ru bíríkì lójoojúmọ́ fún ọ̀gá tí kò san kọ́bọ̀ fún un, ojú rẹ̀ kò ṣàì rí bí a ti ń tò ó. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn ra ara wọn padà, tàbí tí wọ́n rí òmìnira gbà ní ọ̀nà mìíràn, àwọn àti àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí Èkó àti Àjàṣẹ́. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Ẹrú ni a kó lọ. Oníṣẹ́-ọwọ́ ni ó padà bọ̀.

Àwọn Àgùdà kò lè gbé ilé Bàhíà wọ inú ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọgbọ́n rẹ̀ bọ̀. Ní Èkó, wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tí òdòdó onísìmẹ́ǹtì wà yí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ká, tí a sì fi ọ̀dà aláwọ̀ mèremère kùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn la àárín ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá sì wà ní ọ̀tún àti ní òsì. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ ohun tí wọ́n bá nílé sílẹ̀. Amọ̀ tí àwọn bàbá wọn fi ń mọ ilé ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ nínú ògiri wọ̀nyí, nítorí pé ògiri amọ̀ tí ó nípọn kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán tètè wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kí òjò má baà fọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí ọgbọ́n yìí ti jinlẹ̀ tó, kí ó wo Mọ́ṣáláṣí Ṣítà ní Èkó, tí a ṣí ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1894. Mohammed Shitta Bey tí ó fi owó rẹ̀ kọ́ ọ jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró. João Baptista da Costa tí ó ṣe olórí iṣẹ́ náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà. Ní ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Pàdé pọ̀ sí ni a ti kọ́ irú ọnà yìí, ṣùgbọ́n ilé ìjọ́sìn àwọn Mùsùlùmí ni a fi í ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ní Èkó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ rí: ẹni tí ó bá mọ Bàhíà yóò kọ́kọ́ rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni òun ń wò. Àwọn oníṣẹ́ náà mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n ọwọ́, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí a fẹ́ fi í ṣe. Wọ́n gba èkíní lọ́wọ́ àlejò, wọ́n sì pinnu èkejì fúnra wọn. Láti Èkó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti tàn dé Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn àti Òṣogbo, títí tí àwọn tí kò mọ ibi tí Bràsíl wà fi ń bí ọmọ sínú rẹ̀.

Bí ojú ti ń ṣiṣẹ́ ní ti ilé, bẹ́ẹ̀ ni etí ń ṣiṣẹ́ ní ti orin. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbejì ni orin àti ọ̀rọ̀. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ̀. Ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ ti dàrú nìyẹn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí nígbà tí a kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, tí a sì fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n etí kò gbọ́ ọ bí a ti kọ ọ́.

Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1911 láti kọ́ ẹ̀kọ́ orin. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1914, ó di atẹdùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà ti Krístì ní Èkó. Ó ti gbọ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń mú orin wọn bá ọ̀rọ̀ wọn mu ní ilé wọn, ó sì yé e pé kò sí ìdí tí orin Yorùbá kò fi ní bá ọ̀rọ̀ Yorùbá mu. Ó ṣe orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, ní ọdún 1953 sì ni ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ dùùrù lọ́wọ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní ọdún 1905. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó torí rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1930 sí 1940, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ráyè fún un. Ní òru, ó ń tẹ dùùrù pẹ̀lú àwọn onílù jáàsì. Ní ọ̀sán, ó ń kọ́ orin ìjìnlẹ̀ àwọn Òyìnbó. Ní ọdún 1943 ni ó gba oyè tí ó ga jù lọ nínú èyí tí ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi fúnni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun ni ó ń bójú tó orin fún ẹ̀ka ìjọba tí ó ń ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Kò sì ṣòro láti mọ ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ni. Bí a bá fi orin ìdùnnú sí abẹ́ àwòrán kan, olùwòran a rẹ́rìn-ín. Bí a bá fi orin arò sí abẹ́ àwòrán kan náà, ojú rẹ̀ a kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ní ọdún 1944, nígbà tí àdó olóró ṣì ń bọ́ sórí Lọ́ńdọ̀nù, Ṣówándé parí iṣẹ́ kan tí ó pè ní African Suite. Ohun èlò olókùn ti àwọn Òyìnbó, tí ó jọ gòjé, ni ó kọ ọ́ fún. Kò sí ìlù nínú wọn rárá. Síbẹ̀, orin Áfíríkà ni ó fi sí wọn lẹ́nu. Ó mú ohùn kan láti inú iṣẹ́ Ephraim Amu ará ilẹ̀ Ghana; ó fi àárò ilé ṣe orúkọ apá mìíràn; ó sì fi Akínlà, orin ijó tí àwọn èrò ilé mọ̀, kádìí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó kórìíra ohun èlò Òyìnbó, kì bá tí rí ohun tí yóò fi kọ ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ti gbàgbé Èkó, kì bá tí ní ohun tí yóò kọ. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, òun náà ni ó kọ Folk Symphony fún àjọyọ̀ náà.

Kì í ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni ẹrù yìí wà fún. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún ọdún 1945, nígbà tí a kéde pé ogun ti parí ní ilẹ̀ Yúróòpù, Ọládipúpọ̀ Campbell ọmọ Èkó, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Ambrose Campbell, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlù àti gìtá, wọ́n sì fi orin kọjá ní Piccadilly ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n dá ẹgbẹ́ West African Rhythm Brothers sílẹ̀. Orin Yorùbá ni wọ́n ń kọ láàárín àjèjì, wọ́n sì ń ṣe é sínú àwo. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé Campbell ni ó lò ní ìdálẹ̀, ìdálẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní ọdún 2006. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ padà wá jókòó sílé, àwo orin rẹ̀ dé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn ará ilé sì jó sí i.

Ẹ̀kẹta ni sinimá. Ní orí ìtàgé, ibi kan náà ni olùwòran jókòó sí láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin. Fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń darí ojú olùwòran: ó lè gbé e lọ sórí òkè kí ó rí gbogbo ìlú, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi mú un súnmọ́ ojú ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì dé, tí yóò fi rí omijé kan ṣoṣo. Lẹ́yìn tí a bá ti ya àwòrán tán ni a ó wá gé e, tí a ó sì so ó pọ̀ bí ìgbà tí aránṣọ bá ń so aṣọ ẹlẹ́kẹ mọ́ra. Ọgbọ́n tí ènìyàn ń kọ́ ni èyí.

Ọlá Balógun, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Abá ní ọdún 1945, kọ́ ọgbọ́n náà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn onífíìmù ní Párì. Nígbà tí ó padà sílé, ó bá ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ náà kò lè kọ́ ọ. Àwọn òṣèré alárìnjò ń ti ìlú dé ìlú. Nínú eré wọn, orin ń já lu ọ̀rọ̀, ijó ń já lu orin, òwe sì ń jẹyọ níbi gbogbo. Àwọn olùwòran kì í sì í dákẹ́, wọn a dáhùn, wọn a gbe orin. Bí ẹni tí ó ti Párì bọ̀ bá ní òun yóò pa gbogbo èyí tì nítorí pé kò rí i níbẹ̀, ta ni yóò bá a wo fíìmù rẹ̀? Balógun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó darapọ̀ mọ́ Dúró Ládiípọ̀ àti Adéyẹmí Afọláyan, wọ́n sì ṣe Àjàní Ògún ní ọdún 1976. Ìtàn ọ̀dọ́mọdé ọdẹ kan tí ó bá olówó alágbára jà nítorí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni. Èdè Yorùbá ni wọ́n sọ, orin àti ijó sì wà nínú rẹ̀ bí ó ti wà ní orí ìtàgé. Èrò wọ́ lọ wò ó. Láti ìgbà náà ni Hubert Ògúndé, Moses Ọláìyá àti àwọn ọ̀gá òṣèré mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré wọn lọ sínú fíìmù.

Ní ọdún 1978, Balógun lọ ṣe fíìmù kan ní Bràsíl, A Deusa Negra. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Babátúndé ni ó dá lé lórí, ẹni tí ó lọ wá àwọn ìbátan rẹ̀, ọmọ àwọn tí a ti kó lẹ́rú lọ nígbà láéláé. Bí ọgbọ́n àwọn Àgùdà ti gba orí òkun wá sílé láti kọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ni sinimá Yorùbá gba orí òkun kan náà padà láti lọ wá ará.

Bí a bá wo àwọn ènìyàn wọ̀nyí dáadáa, a ó rí i pé ohun kan ni ó pa wọ́n pọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n àgbà ni ó gbọdọ̀ mọ ibi tí yóò ti lò ó. Àwọn Àgùdà ní amọ̀ nílé kí wọ́n tó mú ọnà Bàhíà dé. Phillips ní ohùn Yorùbá létí kí ó tó gbọ́ ohùn Lọ́ńdọ̀nù. Balógun bá alárìnjò ní orí ìtàgé nígbà tí ó ti Párì dé. Ẹni tí kò bá ní nǹkan nílé, tàbí tí kò mọ ohun tí ó ní, kò sí ohun tí yóò so èyí tí ó rí ní ìdálẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà lónìí. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi kí ó tó dé ìdálẹ̀ mọ́. Lórí ẹ̀rọ alágbèéká tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, orin Amẹ́ríkà, fíìmù Kòríà àti àwòrán ilé gbogbo ayé ń wọlé tọ̀ ọ́ ní yàrá rẹ̀. Ojú rẹ̀ lè wà ní ìdálẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ó tó wo ilé lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó ilé Àgùdà àtayébáyé kan tí a mọ̀ sí Ilọ́jọ Bar ní Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn ènìyàn ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí i mọ́ títí tí ó fi di òkìtì yẹ̀pẹ̀.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ tí ń múra àtilọ sí ìdálẹ̀ má dúró di ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra kí ó tó lo ojú àti etí rẹ̀. Kí ó mọ ohun tí gángan ń sọ lóde ìgbéyàwó. Kí ó bi bàbá àgbà ẹni tí ó kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé, kí ó sì bi í ìdí tí ògiri rẹ̀ fi nípọn. Kí ó wo eré àwọn òṣèré ilé pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta tí a ti sọ ṣáájú. Lẹ́yìn èyí, bí ó bá dé Lọ́ńdọ̀nù, Párì tàbí Bàhíà, yóò ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Bí ó bá sì padà dé, àwọn ará ilé yóò rí ẹrù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju aṣọ àti bàtà lọ.